Wáyà Tí Mo Fẹ́ Fi Ṣọ́wó Ná

Ẹni tó bá ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ra mọ́tò oníná lè fi odindi oṣù yẹ ọkọ̀ wò: àwọ̀ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀, iye máìlì tó ń rìn. Ó tún lè fi ọ̀sẹ̀ kan yan ṣájà tí wọ́n máa kàn mọ́ ògiri. Wáyà tó máa gbé iná láti ìdí mítà dé ìdí ṣájà ni kì í rí àyè nínú ètò yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi í: èwo ló dínwó jù? Mo wà nínú ẹgbẹ́ yìí, mi ò lè sẹ́. Gbogbo èrò òmùgọ̀ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín, inú orí èmi fúnra mi ni wọ́n ti hù, kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n síbẹ̀. Ìṣirò ló wá fi yé mi pé ọ̀nà tí wáyà máa gbà ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀, ká tó sọ bó ṣe máa nípọn tó. Àwa a ti ra wáyà tán, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà fún un.

Ilé ìwẹ̀ ni èrò tó kọ́kọ́ tàn mí jẹ ti wá. Ṣáwà oníná tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ń jẹ kilowáàtì 8.5, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣájà ilé ń jẹ 7.4 péré, ìyẹn áńpù 32 lórí fólítì 230. Mo ní bí wáyà bá lè gbé ṣáwà, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti gbé mọ́tò? Ìṣirò náà dán, aago nìkan ni mo gbàgbé. Kò sẹ́ni tó ń fi wákàtí mẹ́jọ wẹ̀, àfi ẹni tó bá ń sá fún ìyàwó ẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ á jáde, wáyà á sì tutù padà. Àmọ́ mọ́tò tó bá wọlé pẹ̀lú bátìrì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán á máa fa áńpù 32 yẹn láìmí, láti alẹ́ títí di ìdájí. Àwa tá a dàgbà ní Nàìjíríà kì í tètè ro ti èyí, torí iná kì í pẹ́ nílé tó kí wáyà tó ráyè gbóná. Ìlànà BS 7671 tí àwọn oníṣẹ́ iná ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rò ó dáadáa: wọ́n máa ń dín ẹrù ààrò ìdáná kù nínú ìṣirò, torí gbogbo ojú rẹ̀ kì í jẹ iná lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í dín ti ṣájà mọ́tò kù, àyàfi tí ẹ̀rọ kan bá wà tó ń kó o níjàánu.

Àjà ilé ni ìwà òmùgọ̀ mi ti gbilẹ̀ jù. Wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní 6 mm² lè gbé áńpù 47 tí wọ́n bá kàn án mọ́ ògiri níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Èmi rí 47, mo rí 32, mo ní ó ti jù, ó tiẹ̀ kù. Ẹ gbé wáyà kan náà gba orí àjà, kí òwú amúlémóoru tó nípọn ju mílímítà 100 bò ó, agbára rẹ̀ já sí áńpù 27. Bó bá jẹ́ inú ògiri onípákó tí wọ́n ki òwú sí ló gbà, ó lè já sí 23.5. Bẹ́ẹ̀ sì ni mílímítà 270 ni wọ́n ń gba àwọn onílé níyànjú láti tẹ́ sórí àjà, kí òtútù má baà pa wọ́n. Wáyà tó wà lábẹ́ òwú báyìí dà bí ẹni tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí tó ń jẹ ata. Ẹnìkan á sọ pé, ṣebí bíréékà wà, á já kí nǹkan tó bàjẹ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn náà. Àmọ́ bíréékà áńpù 40 kò mọ àjà, kò mọ òwú. Áńpù 32 ló ń rí, 32 kò sì kan án rárá; á dákẹ́ lójú ibi tó wà, wáyà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 27 á sì máa yan ara rẹ̀ ní gbogbo òru.

Ọ̀nà jíjìn náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ojú lásán ni mo fi ń wọn ilé, láti ìdí mítà dé ibi tí mọ́tò ń dúró sí, bíi pé wáyà máa fò. Wáyà kì í fò: á gun ògiri, á yí ilẹ̀kùn po, á tún sọ̀kalẹ̀. Tó bá di mítà 25, 6 mm² á gbé fólítì tó tó 5.8 sọnù lójú ọ̀nà nígbà tí áńpù 32 bá ń kọjá. Ìlànà gba 11.5, nítorí náà kò sẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sọnù yẹn di ooru, tó bíi wáàtì 187. Ní wákàtí mẹ́jọ, ó ti tó iná tí mọ́tò máa fi rin máìlì márùn-ún. 10 mm² kò ní pàdánù ju wáàtì 113 lọ. Ẹni tó ń wakọ̀ díẹ̀ lè fojú fo ìyẹn. Ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun lójoojúmọ́, kó ronú.

Ṣé ká kúkú ra èyí tó nípọn jù lọ, ká sinmi? Rárá o. Ihò tí wọ́n ń de wáyà mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ṣájà kò gba wáyà tó nípọn jù, irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn láti tẹ̀. Kò tún ní mú bátìrì yára kún, torí ẹ̀rọ inú mọ́tò ló ń sọ iye tó máa mu. Ẹlòmíràn á ní ká dín ṣájà kù sí áńpù 16. Àbá yìí lọ́gbọ́n ju tèmi lọ: kilowáàtì 3.7 fún wákàtí mẹ́jọ tó fún nǹkan bíi máìlì 90. Kí wọ́n ṣáà fi bíréékà 20 sí i, nítorí lọ́jọ́ kan ẹni tó bá ra ilé náà á fi fóònù rẹ̀ tì í padà sí 32.

Ẹ tún rántí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń so ṣájà mọ́ ìdí mítà, tó ń sọ fún un iye tí gbogbo ilé ń jẹ. Òun ni wọ́n máa ń gbàgbé títí wọ́n á fi bo kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún wáyà tán. Wáyà kan wà tó kó ti iná àti tẹ́ẹ́rẹ́ yìí pọ̀ sínú awọ kan. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wá wo ilé kó tó dárúkọ wáyà. Èyí tó bá sọ iye owó lórí fóònù láì béèrè àjà yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹlòmíràn.