Ọjọ́ Iwájú Ẹgbẹ́ Ayàwòrán
Nígbà tí gbèsè lé Kodak, iléeṣẹ́ kámẹ́rà àti fíìmù, dé kóòtù lọ́dún 2012, ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ayàwòrán ti fura. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú sí ìpàdé wọn lónìí. Àwọn àgbà ní kí á máa gba fóònù lọ́wọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà òde ìnáwó. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ẹgbẹ́ ra drone. Akápò bi wọ́n pé: "Owó wo? Ṣé owó ẹgbẹ́ tí ẹ ò san?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ni alága bá sún ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú sí ọjọ́ iwájú, wọ́n kọjú sí ohun tó ṣe kókó: àńkárá wo ni wọn ó rà fún àjọ̀dún? Ìyẹn ò la ariwo lọ. Akọ̀wé ti ya àwòrán aṣọ náà wá láti ọjà. Fóònù ló fi yà á.