Èwe Ń Wá Ìpara Ìdèwe

Ẹni tó bá ń ta ọmọláńgidi l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì, kó yáa fi àtíkè kún ọjà rẹ̀. Ọmọdébìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kò wojú ọmọláńgidi mọ́. Lípsítíìkì ló ń nàka sí. "Màámi, ẹ ra ìpara fún mi, ojú mi ti ń hunjọ." Ojú tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá láyé!

Ká má parọ́, oge ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Osùn, làálì àti tìróò ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Tìróò gan-an ò mọ́ lọ́wọ́: lọ́dún 2011, ní Boston, l'Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan, tìróò tó ti Nàìjíríà lọ ló fà á.

Ọ̀rọ̀ èwe tó ń wá ìpara yìí sì kárí ayé. Ní Swídìn, lọ́dún 2024, ilé ìtajà oògùn Apotek Hjärtat ní àwọn ò ní máa ta àwọn ìpara ìdèwe kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bí òbí rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i. Èwe ń ra ìpara ìdèwe! Ṣé inú ìyá wọn ni wọ́n fẹ́ padà sí ni?

Nílé wa níbí, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de mákúrì nínú ìpara, ṣùgbọ́n àdàlù inú ike tí kò lórúkọ ò mọ òfin. Ẹ̀yin ìyá, omi, ọṣẹ àti òrí ti tó ojú ọmọdé. Èyí tó bá ní òun ti ń darúgbó, ẹ gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́: iṣẹ́ ilé ń dúró de àgbà.