Ìjàpá àti Àlọ́ Ọgọ́rùn-ún Náírà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Òkété oníṣòwò òkìríkà, ó sì dá lé abẹ́ bíríìjì Oṣòdì.

Lọ́dún kan tí nǹkan le, Ìjàpá wá iṣẹ́ tí kò ní í mú un làágùn. Ó gbé bẹ́ǹṣì sí abẹ́ bíríìjì, ó gbé àpò kan tí wọ́n rán lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní ìrẹsì ni, ẹni tó bá tú àlọ́ òun ló ni ín.

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè títí tó fi máa rẹ̀ yín. Ọgọ́rùn-ún náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ tàbí ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ ni màá fi dáhùn. Tí mo bá ní ‘kò kàn’, kò kàn náà nìyẹn, owó ti wọlé.

"Obìnrin kan ti ìsọ̀ ẹ̀ pa nírọ̀lẹ́, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró, ó wọ dánfó lọ sílé ní Ìsọlọ̀. Ó padà dé láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà, àgádágodo ò sí, ìlẹ̀kùn ò sí, ìsọ̀ gan-an ò sí. Olè ò jà, iná ò jó, àgbàrá ò gbé e. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Kìnnìún ló kọ́kọ́ sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀. "Ṣé obìnrin náà mọ̀ mí?" Kò kàn. "Ṣé ó máa dìbò fún mi?" Kò kàn. Ewúrẹ́ bèèrè bóyá ìsọ̀ náà ṣeé jẹ. Àkùkọ, wòlíì kan láti Máfolúkù, ní ṣé àwọn ọ̀tá ilé bàbá obìnrin náà ló ṣe é. "Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni Ìjàpá wí. Àkùkọ yarí pé irọ́ ni, òun ti rí wọn lójú ìran, ó tún san ọgọ́rùn-ún mìíràn láti bèèrè ohun kan náà. Òwìwí ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìbéèrè tirẹ̀ kalẹ̀, ó gùn débi pé ó ní "àti" mẹ́ta nínú. Ìjàpá gba owó mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀, eré yìí ò le tó bẹ́ẹ̀ o. Ìbéèrè tó bá mọ́yán lórí a máa la ọ̀rọ̀ sí méjì, á da ìlàjì nù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè 20, á ṣa ẹyọ kan jáde nínú ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan. ₦2,000 péré ni ìbá ná wọn. Ṣùgbọ́n ara wọn ni kálukú ń bèèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, Òkété ń ti ọjà Aswani bọ̀. Ó sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀, ó gbọ́ àlọ́ náà tán, ó tú ìdí ìró. Kọ́kọ́rọ́ kan tó ti dípẹtà, tí òwú pupa wà lọ́rùn ẹ̀, bá owó jáde. Ó dá a padà síbẹ̀.

"Ṣé ẹni tó gbé ìsọ̀ náà lọ níwèé àṣẹ lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ọrùn Ìjàpá wọlé díẹ̀.

"Ṣé katakátà ló fi ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé oṣù kìíní ọdún ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé 2009 ni, nígbà tí wọ́n palẹ̀ Oṣòdì mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Á jẹ́ pé 2016 ni, ní ọjà Owónifáàrí?"

Ìjàpá wúkọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Agbo hó yèè! Ta ni ò rántí? Ìjọba wó ọjà náà, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí Ìsọ̀pákódòwò ní Bọ́ládé, ibùdókọ̀ ńlá ń bọ̀. Ó sì dé lóòótọ́, wọ́n ṣí i lóṣù kẹrin ọdún 2019. Ó lájà, ó lẹ́wà, òkìríkà Òkété nìkan ni ò ráyè níbẹ̀.

Òkété ò wo àpò ìrẹsì. Ó tún fa ọgọ́rùn-ún yọ.

"Ìjàpá, ṣé ìwọ lo gba owó fọ́ọ̀mù ìsọ̀ tuntun lọ́wọ́ wa nígbà náà?"

"Kò kàn."

"Ṣé ìsọ̀ kankan wà tí fọ́ọ̀mù náà wà fún?"

"Kò kàn!"

Ni Òkété bá dá orin:

Lílé: Ìjàpá, wojú mi wò
Ègbè: Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?
Lílé: Mo tìsọ̀ pa, mo relé
Ègbè: Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?
Lílé: Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ, ìsọ̀ ti lọ
Ègbè: Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?
Lílé: Owó fọ́ọ̀mù wọlé ta?
Ègbè: Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Àwọn agbèrò gan-an ń gbè é. Ajá ò dúró bèèrè ohun tó wà nínú àpò, ó fi eyín ya á. Iyanrìn tú jáde.

Kí wọ́n tó yíjú padà, Ìjàpá ti há àpò owó sábíyá, ó ti fò mọ́ dánfó tó ń lọ Ìsọlọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kọ̀ńdọ́ fọwọ́ kàn án léjìká.

"Bàbá, ṣé ẹ ti sanwó?"

"Kò kàn."

"Hẹn?" Kọ̀ńdọ́ gbá ara mọ́tò gbàgbà. "Dẹ́rẹ́bà, ọ̀wà o! Ẹnì kan fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀!"