Ọ̀gá Ṣíìfù

Àdúgbò yòówù tí ẹ bá wọ̀ ní Kàbà, ẹ kò ní pẹ́ rí ilé Ọ̀gá Ṣíìfù. Géètì rẹ̀ ga ju òrùlé ilé bàbá rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀. Onílé wà ní ìlú Òyìnbó, ní Leeds tàbí Leicester, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá tirẹ̀ wà nílé àtijọ́, lẹ́yìnkùlé ilé tuntun náà. Bí ẹ bá pè é nítorí ìyá yìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: “Mo wà lórí ṣíìfù.”

Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ náà, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Oṣù Èrèlé 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fíìsà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ọmọ Owé, ọmọ Yàgbà, ọmọ Ìjùmú, gbogbo wọn dìde. Tíṣà ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì fi káńtà sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, wọ́n ní olùtọ́jú tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ kó aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Lọ́jọ́ 22 oṣù Agẹmọ 2025, wọ́n ní àwọn kò gba olùtọ́jú tuntun láti òkè òkun mọ́ rárá. Ọ̀gá Ṣíìfù ti wọlé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Owó kàjú ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ìyá náà tà, ló fi san owó ajẹ́ńtì.

Bó ti ń tọ́jú àjèjì, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Wákàtí méjì-méjì ló ń yí bàbá Òyìnbó kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí i lára. Ó ń da ohun tó ń mú omi ki sínú tíì rẹ̀ kó má baà fún un lórí. Ó ń kọ iye tó mu sílẹ̀, ó ń kọ àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé etí òsì ni bàbá náà fi ń gbọ́ràn, àti pé orúkọ ajá tó ní nígbà tó wà lọ́mọdé ló máa ń pè lóru.

Ẹ wá wo ṣíìfù náà. Pè é láàárọ̀, ó wà lórí ṣíìfù. Pè é lálẹ́, ó ń sùn de ṣíìfù. Pè é lọ́jọ́ ìsinmi, ó ti bá ẹnìkan gba ṣíìfù. Ìpàdé ẹbí, ṣíìfù. Ọjọ́ ìbí màmá, tí kò tilẹ̀ mọ̀, ṣíìfù. Mo ti gbọ́ ọ rí tó fi ṣíìfù ṣàlàyé ìdí tí kò fi tíì san gbèsè èṣí. Nígbà tí màmá ṣubú lẹ́yìn balùwẹ̀ nínú ọyẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é títí owó fi tán lórí fóònù. Ọjọ́ kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: “Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣíìfù ni mo wà. Ṣé kò sí?” Bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí màmá ṣubú yẹn, gbogbo wa rí i lórí WhatsApp, ó gbé agbádá wọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Manchester, ó ń lẹ owó mọ́ onílù lórí. N kò ní kó má ròde. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, ṣé onílù yẹn ló ń pín ṣíìfù?

Àmọ́ ó ní ètò fún màmá. Ó gba ọmọbìnrin kan láti abúlé Bùnú, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà lóṣù. Ní oṣù Igbe 2025, owó tó kéré jù fún àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ pọ́ùn 12.21 ní wákàtí kan. Nígbà tí pọ́ùn kan ń lọ sí nǹkan bí 2,000 náírà, ohun tí ọmọ náà ń fi oṣù kan wá kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó wákàtí kan ọ̀gá rẹ̀ lọ. Òun yìí kan náà ló ń bú ìjọba Nàìjíríà pé 70,000 náírà tí wọ́n fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024 kò tó ẹnikẹ́ni jẹun.

Bó bá ráyè, a pè lórí fídíò, kì í ṣe láti kí màmá, láti yẹ iṣẹ́ wò ni.

“Gbé fóònù sún mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ sílẹ̀?”

Màmá a tẹjú mọ́ fóònù. “Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?”

Ó ti gé e.

Wọn a ní fíìsà ló dè é mọ́lẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó gbà á ni fíìsà rẹ̀ wà. Bí ìjọba bá gba láìsẹ́ńsì ilé iṣẹ́ náà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn kan san owó gọbọi, wọ́n débẹ̀, wọn ò bá iṣẹ́ kankan. Àwọn yẹn kọ́ ni mò ń bá wí. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pe ìyá wọn ní Ẹ̀gbẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́. Fíìsà kan náà ni wọ́n gbà, kò dí wọn lẹ́nu.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété ti dàgbà ní Kàbà, wàrà sì wà lọ́mú ọmọ. Leicester ni wọ́n ti ń tà á ní wákàtí-wákàtí.

Ọjọ́ tí màmá bá kú ni ṣíìfù tán. Òkú á wà ní mọ́ṣúárì títí ọmọ yóò fi gba ìsinmi. Ọlọ́pàá á kó sí i lẹ́yìn láti Àbújá nítorí ajínigbé, wọn á gba ọ̀nà kọnkéré tí Dangote ṣe láti Ọbájáná wọ Kàbà. Màlúù á ṣubú, kánópì á dí títì pa. Olóòtú ètò á gba gbohùngbohùn, á ní ẹ wo ọmọ tó tọ́jú ìyá. Ìlú á pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tó ń jẹ màlúù lọ́wọ́ kì í bi ẹni tó pa á léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin Bùnú wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ abọ́.

Èyí tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé nínú wọn, bí ẹ bá rí i lóde, ẹ bi í pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ni màmá ń lò, ta ní ń gé èékánná rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń sùn. Bó bá dáhùn, mo parọ́ mọ́ ọn, kó bú mi. Bí kò bá rí i sọ, ẹ má jẹ́ kó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó. Ó ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀.