Ebi Wọnú, Fújì Náà Wọ̀ Ọ́

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn ò parọ́. Wọn ò kàn tíì dé Ìkòròdú lálẹ́ Sátidé tí onífújì di gbohùngbohùn mú ni.

Ìlú iléeṣẹ́ ni Ìkòròdú. Ní 2016 tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè ò rí dọ́là ra èròjà, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ padà sílé. Ó tún dẹnu kọlẹ̀ ní 2020. Wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ìrẹsì ní Ìmọ̀ta nítòsí ibẹ̀ ní 2023, wọ́n ní ó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, ní 2024, àpò ìrẹsì kan kọjá 70,000 náírà. Ará Ẹ̀pẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì gba Ìtóìkín lọ wo eré á kọjá ní Ìmọ̀ta yẹn láìbojú wẹ̀yìn. Kì í kúkú ṣe àìsí orin nílé ló lé e jáde: Ẹ̀pẹ́ ni Ligali Mukaiba alápàlà ti wá.

Ẹ wo Àlájì níwájú agbo eré yẹn. Agbádá ń dán, bàtà ń rẹ́rìn-ín. Gààrí àárọ̀ ló jẹ kẹ́yìn. Onífújì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ẹ̀yìn kan. Ó pè é, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un, ó fi oyè tí kò jẹ rí lé e lórí. Ikùn tó ń kùn dákẹ́ wẹ́lo. Àlájì dìde.

Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé inú wéré ni fújì ti jáde, orin táwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń lù láàwẹ̀ kí onílé lè jí jẹ sààrì. Orin tó ń jí èèyàn sídìí oúnjẹ ló wá ń mú un gbàgbé oúnjẹ!

Láyé àtijọ́, Àlájì á ra owó tuntun tó máa ná fún onífújì lẹ́nu ọ̀nà, á san èlé lé e: owó ń ra owó. Ṣùgbọ́n òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá ń ná náírà lójú agbo lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san 50,000 náírà, ó kéré tán. Ọlọ́gbọ́n ń fi fóònù fowó ránṣẹ́ báyìí.

“Àlájì, álẹ́ẹ̀tì ò tíì wọlé o.”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ máa kọrin lọ, ẹ̀yin èèyàn mi.”