Páálí Tó Ń Lọ Sí Leeds

Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ àpilẹ̀kọ yìí mọ̀wé, ó sì gbọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bímọ, àwọn ẹbí yòókù fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Òun ní rárá o, ẹrù tí èèyàn lè fọwọ́ kàn lòun máa fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn: aṣọ àdìrẹ, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà olóyin, àti ìgò lọ́fínńdà kan fún bàbá ọmọ.

Lẹ́tà ìkíni ló kọ́kọ́ ṣíwájú. Bó ṣe máa ń júwe ilé fún ọlọ́kadà ló ṣe kọ àdírẹ́sì sí i: ilé oníbíríkì pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Leeds. Ilé oníbíríkì pupa ní Leeds kò yàtọ̀ sí ilé tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún ní Ìbàdàn. Ọ̀kan kọ́, èjì kọ́. Postcode tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà fi ránṣẹ́ sí i ló fò dá, nítorí àmúlùmálà lẹ́tà àti òǹkà yẹn kò jọ ohun tó ń gbé èèyàn délé lójú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni àdírẹ́sì. Ìlú Norwich ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 1959. Nígbà tó fi máa di 1974, ó ti kárí Bírítéènì. LS tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dúró fún Leeds, tí èèyàn bá sì kà á dópin, nǹkan bí ilé 15 ló sábà máa ń kù láti yẹ̀ wò. Lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni wa rìn, ó rìn, ó sì padà wálé.

Pé ó tiẹ̀ ré kọjá òkun, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àdéhùn ọdún 1874. Ṣáájú ìgbà náà, orílẹ̀-èdè méjì-méjì ló ń bá ara wọn dúnàá-dúrà lórí lẹ́tà, owó tí wọ́n ń gbà sì ń yí padà bí ọ̀nà bá ṣe yí. Orílẹ̀-èdè 22 ló fọwọ́ sí i ní Bern, ní Switzerland, pé sítáǹpù ìlú tí lẹ́tà ti gbéra tó láti gbé e dé ibi tó ń lọ. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ tí àdéhùn náà dá sílẹ̀ ní 1961. Faransé ni èdè àjùmọ̀lò wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ “Par avion” sára lẹ́tà tó fẹ́ wọ bàálù, ì báà jẹ́ láti Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ló ti ń lọ.

Ọjọ́ tí páálí fúnra rẹ̀ máa lọ ni ọ̀rọ̀ di ìran wíwò. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹrù kékeré tó ń bá lẹ́tà rìn kò gbọdọ̀ ju kílò 2 lọ. Ti ọ̀gbẹ́ni ti ń lọ sí 3.

“Dádì, ẹ san owó ẹrù ńlá, tàbí kẹ́ ẹ dín in kù.”

Ó gbọ́ iye owó ẹrù ńlá, ló bá ní kí wọ́n yá òun lábẹ. Sẹ́lótéèpù tó ti wé mọ́ páálí yíká-yíká nílé nítorí olè, abẹ ò ràn án. Nígbà tó máa fi ya, ó ya ọ̀rá ẹ̀gúsí mọ́ ọn. Ẹ̀gúsí tú sórí káńtà, ó tú sílẹ̀, ó kó sínú bàtà ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan lórí ìlà kí i pé ó pẹ̀lẹ́, ó wá béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò rẹ̀. Wọ́n tún yọ lọ́fínńdà jáde, nítorí ọtí líle tó wà nínú rẹ̀ máa ń tètè gbiná, wọn kì í sì í gbà á sínú ẹrù ìfìwéránṣẹ́ tó ń wọ bàálù. Ọ̀gbẹ́ni fi í sápò. Òun ló ń fín in sára títí dòní.

Fọ́ọ̀mù aṣọ́bodè ló kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní CN22. Wọ́n ní kó kọ ohun tó wà nínú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n wọn àti iye wọn. Ó kọ “oúnjẹ àti aṣọ”. Ọmọbìnrin náà bi í pé oúnjẹ wo, ó ní oúnjẹ ṣáà ni. Nígbà tó kan iye owó, kí àwọn Òyìnbó má baà rò pé ẹrù tálákà ni, ó kọ £100 sí ohun tí kò tó £35. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹnì kan kì í san VAT tí iye rẹ̀ kò bá ju £39 lọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀pọ̀ ọjà, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ló sì ń san án. Ìyá ìkókó sanwó kó tó gba ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀. Ó pè lórí fóònù: “Bọ̀dá mi, ẹ ṣé gan-an ni o. Àmọ́ èló lẹ ra àdìrẹ yìí?”

Ẹ̀wà olóyin kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹnu bodè ló pin sí. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí wọ́n ń bá dichlorvos nínú rẹ̀ kọjá ààlà, ìyẹn oògùn tó ń bẹ nínú òtápíápíá tí àwọn kan fi ń lé kòkòrò nínú àpò ẹ̀wà. Bírítéènì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Nígbà tó ń kó jáde, ó kó òfin náà mọ́ ẹrù rẹ̀. Ìyàwó ọ̀gbẹ́ni ti ní kó béèrè kó tó di ẹrù.

Ní gbogbo ìgbà tí páálí fi wà lọ́nà, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bú. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù ní lẹ́tà méjì níwájú, òǹkà mẹ́sàn-án láàárín, lẹ́tà méjì lẹ́yìn. NG tó gbẹ̀yìn ń sọ pé Nàìjíríà ló ti gbéra. Ọ̀gbẹ́ni yọ NG sọ nù, ó ní ta ni kò mọ̀ pé Nàìjíríà lòun wà? Ó tún ka 1 sí 7. Tìtorí irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi òǹkà kẹsàn-án síbẹ̀: inú mẹ́jọ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè tètè mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣì í tẹ̀.

Ìkókó náà ti ń rìn báyìí, páálí mìíràn sì ti délẹ̀. Ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nìyí: búbá ọmọdé kan, àdìrẹ, òwú, gíráàmù 180, £8; ìwé ọmọdé méjì, gíráàmù 400, £6. Postcode dá dúró lórí ìlà tirẹ̀, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọbìnrin inú káńtà kà á látòkè délẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún kà á.

“Dádì, ta ló bá yín kọ ọ́?”