Ẹ Jẹ Àwọn Ọ̀gá Náà Lówó

Àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù wa ní Àbújá ti ṣàwárí ohun tí ayé kò tíì mọ̀: bí o bá fẹ́ kí obìnrin gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, jẹ ẹ́ lówó. Ẹ̀rí wọn kò kéré. Ní 2004, Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, gba ife Áfíríkà ní South Africa, wọ́n sì jókòó pa sí òtẹ́ẹ̀lì nítorí owó wọn. Ní 2016, wọ́n gbé ife bọ̀ láti Kamẹrúùnù, wọ́n sì wọ́de lọ sílé aṣòfin kí wọ́n tó rí tiwọn gbà. Síbẹ̀, ife kẹwàá dé ní 2025, nígbà tí Morocco ti fi góòlù méjì ṣíwájú ní Rabat, tí àwọn ọmọ wa sì yí i padà sí 3-2.

Àmọ́ bí gbèsè bá ń gba ife, ó yẹ kó ran àwọn ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, Super Eagles kọ̀ láti gbáradì torí owó ajẹmọ́nú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Congo Kinshasa fi pẹ̀nárítì lé wọn kúrò lójú ọ̀nà Ife Àgbáyé 2026. Gbèsè kò sì gbe àwọn obìnrin náà níbi tó le. Láti 1991 dé 2023, Ife Àgbáyé kan kò fò wọ́n, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní 1999, ni wọ́n dé kọ́tà-fáínà. Níbi ife Áfíríkà 2022, wọ́n kọ ìgbáradì torí owó, Zambia sì gba ipò kẹta mọ́ wọn lọ́wọ́. Morocco ní tirẹ̀ náwó sí líìgì obìnrin, ó sì dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ló ń bo àṣírí wa. Gbèsè kò ṣe nǹkan kan.

Ẹnìkan á ní: ṣebí Ààrẹ Tinubu ta wọ́n lọ́rẹ $100,000 àti ilé oníyàrá mẹ́ta lẹ́nì kọ̀ọ̀kan? Òótọ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọrẹ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Ògbà ní Èkó pé kó dúró di ọjọ́ tí inú ọ̀gá bá dùn, ẹ ó rí i bóyá géètì yóò ṣí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á tún ní àwọn ilé ìwòran Fágbà àti Ìjù kì í kún fún bọ́ọ̀lù obìnrin. Ta ni yóò lọ síbi tí wọn kò ti fi í hàn? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mushin ni Rasheedat Ajibade, agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní ìdíje 2025, ti wá. Kò jìnnà sí àwọn ilé ìwòran yẹn.

Nítorí náà, bí ọgbọ́n gbèsè bá dá àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù lójú, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ara wọn: kí ọ̀gá kankan má gba ẹ̀sítákóòdù títí agbábọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn yóò fi gba tiẹ̀. Mo fura pé gbèsè náà yóò tán kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra.